Gáàsì Wà Níbẹ̀, Ìràwọ̀ Ni Ò Wáyé Mọ́

Bí ẹ bá wà lágbàlá yín ní Iléṣà lóṣù karùn-ún, tí òjò ńlá ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, tí wọ́n sì ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, ẹ gbójú sókè tààrà láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́. Gálákísì kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ̀gangan orí yín. M87 ni wọ́n ń pè é. Ojú lásán kò lè rí i. Tẹ́lískóòpù kékeré tòkunbọ̀ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ló máa ń fi í hàn mí: àbàwọ́n rìbìtì kan tó mọ́lẹ̀ láàárín, tó wá ń ṣá lọ síhà etí. Kò lápá, kò nírù. Àwọn ọmọ tó bá wò ó máa ń bi mí pé, "Mà, ṣé kò jù báyìí lọ ni?"

Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú wọn yẹn ti wà lójú ọ̀nà láti bíi mílíọ̀nù 54 ọdún. Charles Messier, ará Faransé tó máa ń ṣọ́ kòmẹ́ẹ̀tì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1781 kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà ṣì í pè ní kòmẹ́ẹ̀tì. Kò mọ̀ pé agbo ìràwọ̀ lòun ń wò, agbo tí ìràwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju ti Milky Way lọ, ìyẹn gálákísì tí oòrùn àti ayé tiwa wà.

Agbo ńlá yìí ti dáwọ́ ìràwọ̀ bíbí dúró. Tiwa ṣì ń bí: bí a bá kó gbogbo ìràwọ̀ tuntun tó ń jáde nínú Milky Way lọ́dún kan jọ, ìwọ̀n wọn á tó oòrùn kan tàbí méjì. Ìyẹn lè dà bíi pé ó kéré, àmọ́ ẹ fi bílíọ̀nù ọdún pọ̀ ọ́n. Ní M87, èyí tó ń jáde kò tó nǹkan rárá.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọbìnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ló béèrè ohun tó mú mi jókòó kọ èyí. Ó ní, "Mà, ṣé gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìràwọ̀ ló tán níbẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, ibi tí ọkàn gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n gáàsì ò tán. Gáàsì kún ibẹ̀ rẹpẹtẹ. Ooru ni kò jẹ́ kó di nǹkan, nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ojú ọ̀run, kò sí èyí tó wù mí láti ṣàlàyé tó o.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe mọ̀ pé ìràwọ̀ tuntun ò sí. Ìràwọ̀ tó tóbi gan-an máa ń tàn ní àwọ̀ búlúù, kì í sì í pẹ́ láyé. Láàárín mílíọ̀nù ọdún mélòó kan, ó ti jó tán. Èyí tó kéré ju oòrùn lọ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì lè máa tàn fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí búlúù nínú àwòrán gálákísì, ìkókó wà níbẹ̀. Ibi tí gbogbo rẹ̀ bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti àárín dé etí, àwọn àgbà nìkan ló kù nílé. Báyìí ni M87 rí, báyìí sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn gálákísì tí ìrísí wọn jẹ́ rìbìtì tàbí gbọọrọ bí ẹyin rí. Elliptical ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Èmi á máa pè wọ́n ní rìbìtì, kí n lè máa pe irú tiwa ní pẹlẹbẹ.

Inú kùrukùru gáàsì ni ìràwọ̀ ti ń wáyé. Háídrójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì tutù kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè fojú inú wò: bíi 260 dígírì Celsius sí ìsàlẹ̀ òdo. Láìsí òtútù yẹn, kò sí ìràwọ̀. Àwọn átọ̀mù inú gáàsì tó gbóná ń sáré, wọ́n ń gbá ara wọn, wọ́n ń ti ara wọn síta. Òòfà (gravity) gáàsì náà fúnra rẹ̀ ń fà wọ́n padà sínú. Bí títì bá lágbára ju fífà lọ, kùrukùru yẹn ò ní rún mọ́ra láéláé. Àfi kó tutù, kí eré àwọn átọ̀mù dínkù, kí òòfà tó lè rọ́wọ́ mú.

Ẹ̀kọ ni yèyé mi ń tà lọ́jà Atakúnmọ́sà nígbà tí a wà ní kékeré, òun ni mo sì fi dá ọmọ yẹn lóhùn. Ògì tó ń hó lórí iná kò lè di ẹ̀kọ. Ẹ lè bù ú sínú ewé, ẹ lè pọ́n ọn dáadáa, ẹ lè tò ó sínú agbọ̀n. Bí ooru rẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀, bí ẹ bá tú ewé, ṣíṣàn ló máa ṣàn. Tó bá tutù tán ló máa dì gbagidi. Ká wá ní ẹnì kan jókòó ti ìkòkò náà tó ń koná mọ́ ọn lóru, tó ń koná mọ́ ọn lọ́sàn-án. Ògì ò ní tán nínú ìkòkò yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ẹ̀kọ kan ṣoṣo rà níbẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, ta wá ni ó ń koná?" Mo ní kó fara balẹ̀, a máa débẹ̀.

Gáàsì tó yí M87 ká gbóná ju mílíọ̀nù 10 dígírì lọ. Ohun tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ kì í tàn ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa lè rí, X-ray ló máa ń tú jáde, afẹ́fẹ́ ayé wa kì í sì í jẹ́ kí X-ray láti ojú ọ̀run dé ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé gálákísì rìbìtì kò ní gáàsì kankan tó ṣeé kà sí. Wọ́n ń wò ó pẹ̀lú tẹ́lískóòpù tó wà nílẹ̀, wọn ò rí nǹkan. Ìgbà tí Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì Einstein ránṣẹ́ sókè lọ́dún 1978 ni ojú là: gáàsì gbígbóná wà káàkiri nínú wọn àti láyìíká wọn. Sátẹ́láìtì Chandra tó gòkè lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún 1999 wá fi hàn kedere bó ṣe tẹ́ sílẹ̀, ibi tó ti ki àti ibi tó ti fúyẹ́.

Báwo wá ni wọ́n ṣe di rìbìtì? Mo fẹ́ kí ẹ ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ sí ti ìràwọ̀ tó dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ àlàyé ló máa ń dà wọ́n pọ̀ bíi pé nǹkan kan náà ni, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó bá gba àlàyé bẹ́ẹ̀ á rò pé ìkọlù ni ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè.

Nínú gálákísì pẹlẹbẹ bíi tiwa, ọ̀nà kan náà ni ìràwọ̀ fi ń yí po. Lọ́dún 1972, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọ́n bí ní Estonia, Alar Toomre àti Jüri Toomre, lo kọ̀ǹpútà ìgbà náà láti fi hàn ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí irú gálákísì méjì bẹ́ẹ̀ bá súnmọ́ ara wọn jù. Òòfà á fa ìrù gígùn jáde lára wọn, ètò yíyípo á dàrú. Lọ́dún 1977 ni Alar wá sọ ọ́ gbangba pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ gálákísì rìbìtì jẹ́ àwókù irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ kan á máa gba òkè lọ, òmíràn á máa gba ẹ̀gbẹ́ bọ̀, òmíràn á já wọ àárín, á tún jáde lódìkejì. Gbogbo wọn lápapọ̀ á wá rí rìbìtì.

Ní Ifẹ̀, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní OAU, ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán Antennae, ìyẹn NGC 4038 àti NGC 4039, nínú ìwé kan ní yàrá ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi. Gálákísì méjì tó wọnú ara wọn, ìrù méjì tó gùn gbọọrọ lẹ́yìn wọn. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ní ká máa lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ìràwọ̀ wọn kò kọlu ara wọn. Ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn wa jù lọ jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 4.2 (ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé lọ́dún kan là ń pè ní ọdún ìmọ́lẹ̀ kan), ààyè tó wà láàárín ìràwọ̀ sí ìràwọ̀ pọ̀ débi pé gálákísì kan lè gba inú òmíràn kọjá kí ìràwọ̀ wọn má fara kanra. Gáàsì ni kò lè yẹra. Òun ló ń forí gbárí, tó ń ki, tó ń tutù, tí ìràwọ̀ á sì máa bú jáde lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Arp 220, tó jẹ́ gálákísì méjì tó ń di ọ̀kan, ń bí ìràwọ̀ ní bíi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti Milky Way. Ẹ rí i pé ìkọlù fúnra rẹ̀ kì í dá ìràwọ̀ dúró. Ó máa ń mú un yára ni.

(Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ifẹ̀, láti ọdún 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ọgbà OAU. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.)

Fún àwọn tó tóbi jù, irú M87, ìkọlù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti ṣàlàyé wọn. Ẹ̀rí wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe ìràwọ̀ wọn. Bí ìràwọ̀ ńlá bá bú, ó máa ń tú mágníṣíọ̀mù dà síta, èyí sì máa ń tètè ṣẹlẹ̀. Irin ní tiẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ara òkú ìràwọ̀ kéékèèké tó bú lẹ́yìn wá, ìyẹn sì lè gba bílíọ̀nù ọdún. Nínú ìràwọ̀ àwọn gálákísì rìbìtì ńláńlá, bí a bá fi wọ́n wé oòrùn, mágníṣíọ̀mù pọ̀ ju bó ti yẹ kó pọ̀ sí irin lọ. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìràwọ̀ yẹn tán kí irin tó dé. Kánkán ni wọ́n ṣe é, láyé ìjímìjí. Ohun kékeré tó ki ló kọ́kọ́ wà, tó bí ìràwọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, tó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń gbé àwọn gálákísì kéékèèké mì, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, tó ń sanra síta. Àwọn ìdì ìràwọ̀ tó rí róbótó tó yí M87 ká tó bíi 12,000. Tiwa kò ju bíi 150 lọ. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi lè ní ẹrù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pé kó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìdàrúdàpọ̀ yẹn kì í sì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Nínú ìwádìí ATLAS3D, wọ́n yẹ gálákísì 260 tí kò fi bẹ́ẹ̀ bí ìràwọ̀ mọ́ wò. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011, 36 péré ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí po. Gbogbo ìyókù ṣì ń yí. M87 wà lára àwọn 36 náà.

Ó wá ku ẹni tó ń koná.

Bí gáàsì ṣe kọ́kọ́ gbóná kò ṣòro láti lóye. Òòfà gálákísì ńlá àti ti agbo gálákísì tó yí i ká máa ń fa gáàsì wọlé pẹ̀lú eré ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá já lu èyí tó ti wà nílẹ̀, eré náà á di ooru. Àmọ́ ohun gbígbóná tó bá ń tú X-ray jáde ń pàdánù ooru rẹ̀ ni. Láàárín bílíọ̀nù ọdún mélòó kan, ó yẹ kí gáàsì tó wà láàárín ti tutù, kó rọ̀ sínú, kó di ìràwọ̀. Nínú agbo gálákísì Perseus, ìṣirò sọ pé ó yẹ kí gáàsì tó wọ̀n tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún oòrùn máa tutù lọ́dọọdún. Wọ́n wá a, wọn ò rí tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ń dá ooru padà.

Ihò dúdú ni, ìyẹn ohun tó ki débi pé òòfà rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá jáde. Èyí tó wà láàárín M87 ni gbogbo ayé rí àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2019, òrùka iná tó yí òkùnkùn ká. Ìwọ̀n rẹ̀ tó bílíọ̀nù 6.5 oòrùn. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ihò dúdú wà níbẹ̀, lọ́dún 1918, Heber Curtis ti rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́lẹ̀ tó jáde tààrà láti àárín gálákísì náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gáàsì tó ń rọ̀ sínú ihò dúdú ń yí po kíkankíkan, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni agbára òòfà-irin (ti mágnẹ́ẹ̀tì) ń kó jọ, tó ń tú u síta pẹ̀lú eré tó súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Ìlà tí Curtis rí nìyẹn. Ó gùn tó bíi 5,000 ọdún ìmọ́lẹ̀.

Ìlà yẹn ló ń ru gáàsì tó yí i ká. Ní Perseus, Chandra rí ihò ńláńlá tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti lu sínú gáàsì gbígbóná, àti ìgbì tó ń tàn kálẹ̀ láti ara wọn. Andrew Fabian ní Cambridge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde lọ́dún 2003 pé ìró ni ìgbì náà, ìró gidi tó ń gba inú gáàsì kọjá, tó sì wálẹ̀ ní ọ̀kítéèfù 57 sí àárín dùùrù, kò sí etí tó lè gbọ́ ọ. Bí ìgbì yẹn ṣe ń rìn ló ń fi agbára sílẹ̀ lójú ọ̀nà, agbára náà á sì di ooru.

Ìdí tí kò fi tán ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí gáàsì bá tutù díẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á rọ̀ sínú ihò dúdú. Ihò dúdú á jẹun, á tu agbára síta. Gáàsì á tún gbóná, oúnjẹ á wọ́n. Ihò dúdú á dákẹ́ díẹ̀ títí gáàsì á fi tún tutù. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Gáàsì tí ì bá di ìràwọ̀ gan-an ló ń bọ́ ohun tí kò jẹ́ kó di ìràwọ̀, ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún.

Kì í ṣe gbogbo gálákísì ló ń kú ikú ihò dúdú o. Èyí tó kéré tó bá já wọ agbo gálákísì ńlá, gáàsì gbígbóná tó wà nínú agbo náà á gbá tiẹ̀ dànù bó ṣe ń kọjá. Lọ́dún 2015, Yingjie Peng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ gálákísì dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí gáàsì tuntun ń gbà wọlé dí. Wọ́n ń lo èyí tó kù nílé lọ, fún bíi bílíọ̀nù 4 ọdún, títí ó fi tán. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, gáàsì ló tán lóòótọ́, ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn á sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún béèrè ohun tó dí ọ̀nà fún àwọn ńlá, ooru náà ni ẹ máa bá níbẹ̀: gáàsì ìta gbóná jù láti wọlé.

Ní ti Milky Way, ihò dúdú àárín tiwa kò ju mílíọ̀nù 4 oòrùn lọ, ó sì dákẹ́. Wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé gálákísì Andromeda, tó wà ní mílíọ̀nù 2.5 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, máa dandan kọlu wa, kí àwa méjèèjì di rìbìtì. Ìṣirò tuntun tó jáde lọ́dún 2025 sọ pé ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín bílíọ̀nù 10 ọdún tó ń bọ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀, ìdajì-ìdajì ni. Mo ti yí ohun tí mo kọ sójú pátákó padà.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn báyìí ni ohun tí tẹ́lískóòpù James Webb ń rí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sókè lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2021, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí gálákísì ńláńlá tó ti dákẹ́ nígbà tí àgbáálá ayé ṣì jẹ́ ọmọdé. Ọ̀kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2025 ti dákẹ́ nígbà tí àgbáálá ayé kò ju bíi mílíọ̀nù 700 ọdún lọ. Irú wọn pọ̀ ju èyí tí ìṣirò kọ̀ǹpútà ní kí a retí lọ. Ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ tí Peng sọ kò lè ṣe èyí. Àkókò kò tó. Àwọn kan ní ìràwọ̀ tó bú lọ́pọ̀ ló gbá gáàsì jáde. Èmi ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ihò dúdú, ìdí mi sì ni gálákísì kan tó ń jẹ́ GS-9209. Adam Carnall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh ló gbé e jáde lọ́dún 2023: ìwọ̀n ìràwọ̀ inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 40 oòrùn, wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàárín bíi mílíọ̀nù 200 ọdún, ó sì dákẹ́ nígbà tí àgbáálá ayé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 800 ọdún. Láàárín rẹ̀, wọ́n bá àmì ihò dúdú kan tí ìwọ̀n rẹ̀ tó bíi ìdajì bílíọ̀nù oòrùn. Fún gálákísì tó tóbi mọ bẹ́ẹ̀, ihò dúdú yẹn sanra ju bó ti yẹ lọ ní ìlọ́po mélòó kan.